Ìbéèrè yín, ìdáhùn wa: Ilé ìtọ́jú ikọ́ ife àwọn Júù ní Denver

Nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, a kọ ìpínrọ̀ kúkurú kan nípa ilé ìtọ́jú méjì tí àwọn Júù dá sílẹ̀ fún àwọn tí ikọ́ ife ń bá jà ní ìlú Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí kò tíì sí oògùn kankan tó ń pa kòkòrò àrùn náà. Lẹ́tà yín pọ̀ gan-an. A kó àwọn tó jọra pọ̀, a sì dáhùn wọn níbí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sọ pé ilé ìtọ́jú Júù méjì ló wà nínú ìlú kan ṣoṣo, ọdún márùn-ún péré ló sì wà láàárín wọn. Ṣé ìjà ló fà á ni, àbí aláìsàn ló pọ̀ jù? — Olùkọ́ ìtàn

Méjèèjì ni, ṣùgbọ́n aláìsàn ló kọ́kọ́ pọ̀. Àwọn dókítà máa ń sọ fún ẹni tí ikọ́ ife bá mú pé kó forí lé Colorado, torí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, oòrùn ń ràn dáadáa, ìlú Denver fúnra rẹ̀ sì fi 1,609 mítà ga ju òkun lọ. Olówó á gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì. Tálákà á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin láìmọ ibi tó máa sùn. Obìnrin Júù kan tó ń ṣètò ìrànlọ́wọ́ ní Denver, Frances Wisebart Jacobs, ló gbé ọ̀rọ̀ wọn sórí tí kò jẹ́ kó rọlẹ̀. Ó kú ní 1892, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ nínú méjèèjì lélẹ̀. Nígbà tó di 1893, iye fàdákà já wálẹ̀, ọrọ̀ ajé Colorado dojú dé, ilé tí wọ́n kọ́ sì dúró lófìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún. B'nai B'rith, ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwọn Júù, ló wá ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, ọdún 1899. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni National Jewish Hospital for Consumptives. Wọ́n ń gba Júù, wọ́n ń gba ẹni tí kì í ṣe Júù, wọn kì í sì í gba owó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe àkọlé ni pé ẹni tó bá lè sanwó kò gbọdọ̀ wọlé, ẹni tó bá sì wọlé kò lè sanwó.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ni òfin ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́, oṣù mẹ́fà sì ni wọ́n ń fún un. Wọ́n ní ìdí: ibùsùn kò ju nǹkan bí 60 lọ, ẹni tí ikọ́ kò tíì jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tán ló ṣeé ṣe kó gbádùn, bí ó bá sì lọ, ẹlòmíì á rọ́pò rẹ̀. Ìṣirò náà dá ṣáká lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni ń tètè mọ̀? Télọ̀ tó ń ránṣọ ní yàrá híhá ní New York kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí ikọ́ lásán. Ó di ọjọ́ tó bá tutọ́ tó rí ẹ̀jẹ̀. Kó tó wá owó ọkọ̀, kó tó dé Denver, dókítà á ní ó ti pẹ́ jù. Ilé ò gbà á, ọ̀nà ò gbà á, kò sì sí owó tó máa fi padà.

Àwọn tó dá ilé kejì sílẹ̀ ní 1904, Jewish Consumptives' Relief Society, tí gbogbo ayé ń pè ní JCRS, jẹ́ òṣìṣẹ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ṣí wá láti Ìlà-oòrùn Yúróòpù. Dókítà Philip Hillkowitz ni ààrẹ wọn, Dókítà Charles Spivak ni akọ̀wé, ó sì wà lórí oyè náà títí ó fi kú ní 1927. Wọ́n ní kí aláìsàn wá bó ti wù kí àìsàn náà le tó, kí oúnjẹ jẹ́ ti òfin Júù, kí wọ́n sì máa sọ Yídíìṣì, èdè àwọn Júù Ìlà-oòrùn Yúróòpù, sí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ inú Tálímúdù, ìwé òfin àti ẹ̀kọ́ àwọn Júù, ni wọ́n fi ṣe àkọlé tiwọn, pé ẹni tó gba ẹ̀mí kan là dà bí ẹni tó gba gbogbo ayé là. Àwọn Júù tó ti rí jájẹ, tí baba wọn wá láti Jámánì, rò pé ilé kejì yóò kàn pín owó ìtọrẹ sí méjì ni, pé wọ́n sì ń ná an lórí ẹni tí kò ní yè. Àwa gbà pé ilé méjèèjì ṣe iṣẹ́ ribiribi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ká yan ọ̀kan, ti Spivak la máa yàn, torí pé ẹni tó máa kú pàápàá nílò ibùsùn mímọ́, nọ́ọ̀sì, àti ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Alásè ilé ìwòsàn ni mí. Mo mọ̀ pé òfin Júù kò jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹran pọ̀ mọ́ wàrà. Ẹ sì sọ pé ẹran àti wàrà gan-an ni oògùn ikọ́ ife nígbà yẹn. Báwo ni alásè wọn ṣe ń ṣe é? — Ìyá Oníṣíbí

Ẹ káre, Ìyá. Ibi tí iṣẹ́ ti le gan-an lẹ fọwọ́ bà yẹn.

Ikọ́ ife máa ń jẹ èèyàn gbẹ ni, nítorí náà àwọn dókítà ìgbà náà gbà pé ẹni tó bá sanra ni àìsàn ń tú sílẹ̀. Oúnjẹ aláìsàn lójúmọ́ lè ní wàrà tó súnmọ́ lítà mẹ́ta, ẹyin tútù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹran, àti bọ́tà rẹpẹtẹ. Ẹ wá gbé èyí lé òfin. Ẹran kò gbọdọ̀ bá wàrà pàdé lórí tábìlì kan náà. Ìkòkò tirẹ̀ lọ́tọ̀, abọ́ lọ́tọ̀, ṣíbí lọ́tọ̀, agbada tí wọ́n fi ń fọ abọ́ lọ́tọ̀, aṣọ tí wọ́n fi ń nu abọ́ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá sì ti jẹ ẹran gbọ́dọ̀ dúró kó tó mu wàrà: wákàtí mẹ́fà ni àṣà àwọn ará Ìlà-oòrùn Yúróòpù, mẹ́ta ni ti ọ̀pọ̀ Júù Jámánì. Tó bá jẹ́ wàrà ló ṣáájú, ìdúró náà kéré. Ẹlòmíì á ṣan ẹnu, á jẹ búrẹ́dì díẹ̀, á sì dúró fún ààbọ̀ wákàtí tàbí wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò náà bí alásè ṣe máa ṣe é. Bí ẹran bá wọ tábìlì ní aago méjìlá ọ̀sán, tí wọ́n jẹun tán ní ààbọ̀ aago kan, ilẹ̀kùn wàrà ti pa títí di ààbọ̀ aago méje alẹ́. Lítà mẹ́ta náà gbọ́dọ̀ wá pín sí òwúrọ̀, ọwọ́ ìyálẹ̀ta, oúnjẹ alẹ́ àti ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Ife wàrà aago mẹ́rin ọ̀sán tí sanatóríọ̀mù (ilé ìtọ́jú ikọ́ ife) mìíràn ń pín kò ṣeé ṣe rárá. Ẹyin ló gba alásè sílẹ̀ níbẹ̀, torí pé òfin kò ka ẹyin mọ́ ẹran, kò kà á mọ́ wàrà. Ó ń bá méjèèjì lọ. Ẹyin tí wọ́n pò mọ́ omi ọsàn ló máa dípò ife wàrà náà. Bọ́tà kò gbọdọ̀ kan búrẹ́dì tí wọ́n fi jẹ ẹran, ọ̀rá adìyẹ tàbí ti pẹ́pẹ́yẹ ńlá tí wọ́n yọ́ ni wọ́n ń fi pa á. Fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé ìdúró gígùn, àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ òfin Júù, ní àṣẹ láti dín wákàtí mẹ́fà kù sí ọ̀kan.

Ẹyin náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ẹyin, ó di èèwọ̀. Ẹ má ṣe fọ́ ọ sínú abọ́ ńlá tààrà o! Ẹ fọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife gíláàsì, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ yí i wò nísàlẹ̀, kí ẹ tó dà á sínú abọ́. Ẹni tó bá fojú di ìyẹn, tó ń fọ́ ọ sínú abọ́ kan náà, á fọ́ ọgbọ̀n tó dára, ẹyin kọkànlélọ́gbọ̀n tó lẹ́jẹ̀ á sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ ronú ilé tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹyin mẹ́fà mì lójúmọ́, ẹ ó mọ iye ìgbà tí wọ́n ń gbé ife yẹn sókè kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú irú ilé ìdáná bẹ́ẹ̀ ni ti òṣìṣẹ́ tuntun tó fi ìgbakọ wàrà ro ọbẹ̀ ẹran gbígbóná. Wọ́n á pe rábì. Bí ìgbakọ náà bá jẹ́ irin, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dúró fún ọjọ́ kan gbáko, wọ́n á rì í sínú omi tó ń hó. Bí abọ́ amọ̀ bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí àtúnṣe, wọ́n á gbé e sọnù ni. Ìdí nìyẹn tí irin fi dára ju amọ̀ lọ fún ẹni tí owó ń ṣọ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń yà wá lẹ́nu. Nígbà tí apẹran Júù bá dúńbú màlúù, ẹ̀dọ̀fóró ni nǹkan àkọ́kọ́ tó ń yẹ̀ wò. Ó máa ki ọwọ́ bọ inú àyà ẹran kó tó yọ ọ́, á fi ọwọ́ pá a bóyá ó lẹ̀ mọ́ ìhà níbì kan, á tún fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i bó bá fura pé ó lu. Bí ó bá lu, wọn ò jẹ ẹran náà. Àwọn dókítà kan ìgbà yẹn ní torí èyí ni ikọ́ ife kì í fi í pa Júù tó àwọn tó kù. Àwa ò gbé e gẹ̀gẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wàrà màlúù tó ní àrùn, tí wọn kò sè, ni ikọ́ fi ń gba ẹnu wọlé jù.

Ó sì yẹ ká sọ èyí: àjẹkì náà kò pẹ́ tí ó fi di wàhálà. Ẹni tí ibà ń ṣe, tí wọ́n ń rọ ẹyin àti wàrà sí lọ́fun, máa ń bì, inú rẹ̀ á máa ṣí, á sì tún rù ju ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn dókítà dín in kù.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń sun ìta nínú yìnyín? Kí ni kò jẹ́ kí òtútù pa wọ́n? — Baba Ìbejì

Lóòótọ́ ni. Àgọ́ ni JCRS fi bẹ̀rẹ̀ ní 1904, ilẹ̀ rẹ̀ pákó, aṣọ lókè. Ní ọ̀pọ̀ sanatóríọ̀mù ìgbà náà, afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ dúró lójú kan lọ́sàn-án tàbí lóru, tí èèyàn kan bá sì ti ilẹ̀kùn tàbí ju aṣọ àgọ́ sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ìbáwí ń bẹ.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé òtútù láti ìsàlẹ̀ ló ń pa èèyàn ju ti òkè lọ. Ẹni tó bá kó búláńkẹ́ẹ̀tì márùn-ún lé ara rẹ̀, tí kò sì tẹ́ nǹkan kan sábẹ́, á gbọ̀n títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ ìwé ìròyìn ní ìpele púpọ̀ sórí irin bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n tó gbé mátíráàsì lé e. Wọ́n á tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn sórí mátíráàsì, kó tó kan aṣọ ìtẹ́. Àwọn tí wọ́n máa fi bora yóò fẹ̀ débi pé wọ́n lè ká a wọ abẹ́ mátíráàsì lọ́tùn-ún, lósì àti ní ẹsẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ á fi dà bí àpò tí ẹnu rẹ̀ wà lókè. Aláìsàn á gba ẹnu àpò wọlé, ẹsẹ̀ ṣíwájú. Ìrọ̀rí méjì ni, wọ́n á tò ó bí òrùlé tí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè orí, kí apá rẹ̀ méjèèjì lè bo èjìká níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Fìlà híhun á bo etí. Ìgò omi gbígbóná á wà ní ẹsẹ̀, aṣọ nípọn yí i ká, torí pé ẹni tí oorun gbé kì í mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti ń jó. Yàrá gbígbóná ni wọ́n ti ń bọ́ aṣọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ láàárọ̀. Aṣọ tó bá ti lọ́rìnrìn kò gbọdọ̀ wọ bẹ́ẹ̀dì.

Ṣé kò sí nǹkan tí wọ́n ń ṣe ju kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì sùn lọ? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kó má bàa ran nọ́ọ̀sì? — Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì

Ìsinmi gan-an ni iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ tó sì le ni. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń gbóná kọjá 37.5 kò gbọdọ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ìwé kíkà àti ọ̀rọ̀ sísọ pàápàá ní ìwọ̀n. Nígbà tí ibà bá lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á gbé e sórí àga gígùn ní bàráńdà. Lẹ́yìn náà ni ìrìn á bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ilẹ̀ títẹ́jú, wọ́n á sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Bó bá dé, á sinmi fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, wọ́n á wá fi tẹmọ́mítà sí i lẹ́nu. Bí ara bá ṣì gbóná, tàbí tí ọkàn bá ṣì ń lù kìkìkì, ìrìn ọ̀la dúró. Ẹni tí ara ń tù ló máa ń ṣàṣìṣe jù níbí: á ní òun ti gbádùn, á rin kìlómítà méjì ní bòókẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì dà lẹ́nu rẹ̀ lóru. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró máa ń pupa fòò, ó sì máa ń hó. Wọ́n á gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, wọ́n á ní kó má sọ̀rọ̀ rárá, wọ́n á fún un ní omi dídì kó máa lá, dókítà á sì gún un ní mọ́fíìnì láti mú ikọ́ àti ẹ̀rù rọlẹ̀.

Ní ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀, láti 1882 tí Robert Koch ti fi kòkòrò àrùn náà han gbogbo ayé ni wọ́n ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni ewu wà. Ife bébà ni aláìsàn ń tu ú sí, ife náà á wà nínú agolo tó ní ìdérí. Lójoojúmọ́ wọ́n á yọ ti bébà, wọ́n á jó o, wọ́n á se agolo. Ẹni tó bá ń rìn á ní ìgò kékeré nínú àpò, tí oògùn apakòkòrò wà nínú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ tu ú sí áńkáṣíìfù, torí pé á gbẹ níbẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ gbé e mì, nítorí ikọ́ ife lè tibẹ̀ ran ìfun. Wọn kì í gbá ilẹ̀ gbígbẹ, aṣọ tútù ni wọ́n fi ń nu ún, kí eruku má bàa dìde. Wọ́n tún máa ń gba ọkùnrin nímọ̀ràn pé kó fá irùngbọ̀n, torí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ rò ó wò ná, bí èyí ṣe máa dun àgbà Júù tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó fi abẹ kan irùngbọ̀n láti kékeré.

Ọjọ́ Ètùtù ńkọ́? Ṣé aláìsàn ikọ́ ife náà ń gbààwẹ̀? — Òǹkàwé tí kì í jẹ ààwẹ̀ níyà

Òfin Júù fúnra rẹ̀ ló dáhùn: ìgbàlà ẹ̀mí ga ju ààwẹ̀ lọ, ó ga ju Ọjọ́ Ìsinmi lọ. Míṣínà, àkójọ òfin Júù àtijọ́, sọ pé kí wọ́n bọ́ aláìsàn lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa àìsàn. Bí kò bá sí wọn, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ aláìsàn gbọ́. Àwọn amòye tún ní, bí dókítà bá ní kò nílò oúnjẹ, tí òun fúnra rẹ̀ sì ní òun nílò rẹ̀, tirẹ̀ ni kí wọ́n gbọ́, torí Òwe 14:10 sọ pé ọkàn mọ ìkorò ara rẹ̀. Níbi tó bá ṣeé ṣe, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un, ìbukán tí kò tó èso dátì ńlá kan, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún fún un. Ìṣòro tí rábì ń bá pàdé ni ẹni tó kọ̀ jálẹ̀ láti jẹun, tó ní òun máa gba ààwẹ̀ náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi yé e pé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú kí èèyàn fi ààwẹ̀ pa ara rẹ̀.

Ta ló ń tọ́jú ọmọ wọn? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta

Ní 1907, àwọn obìnrin Júù ní Denver, tí Fannie Lorber wà lára wọn, dá ilé kan sílẹ̀ fún ọmọ àwọn aláìsàn, Denver Sheltering Home for Jewish Children. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà kì í ṣe aláìlóbìí. Òbí wọn wà láàyè, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà. Kò sì rọrùn láti ránṣẹ́ pe mọ̀lẹ́bí láti òkèèrè, torí pé ọdún 1907 yẹn náà ni òfin Amẹ́ríkà kọ̀ kí àlejò tó ní ikọ́ ife wọ ìlú.

Àbúrò mi ń lo oògùn ikọ́ ife lọ́wọ́lọ́wọ́. Ṣé nínú gbogbo èyí, ohun kan wà tó wúlò fún wa, bíi ẹyin tútù yẹn? — Ẹ̀gbọ́n

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún un lálàáfíà. Ẹ má fún un ní ẹyin tútù, ẹ sè é. Ẹyin tútù lè gbé kòkòrò mìíràn wọlé. Oúnjẹ tó dára ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n oògùn ló ń pa àrùn náà. Oògùn àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́, streptomycin, wọ́n rí i ní 1943; isoniazid tẹ̀ lé e ní 1952; nígbà tó sì di 1954, JCRS kò tọ́jú ikọ́ ife mọ́, ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ni wọ́n kọjú sí. Lónìí, ẹni tí àrùn rẹ̀ kò tako oògùn máa ń lo oògùn mẹ́rin fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà méjì fún oṣù mẹ́rin. Ara á ti yá gágá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ń dá a dúró, àrùn á padà, oògùn tó ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ kò sì ní í gbọ́ mọ́. Ẹ ka oṣù mẹ́fà náà pé lórí kàlẹ́ńdà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé yàrá rẹ̀ sílẹ̀, kí ó máa fi aṣọ bo ẹnu bó bá ń wúkọ́, kí gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé náà sì lọ ṣe àyẹ̀wò, pàápàá àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.